Fúláàtì Òkè Téńté ní Lẹ́kkí: Ta Ló Ti Gbé Ilẹ̀ Yìí Rí?

Ìpolówó ilé tó ń jáde láti agbègbè Lẹ́kkí àti Ajah lóde òní jọra wọn bí ọmọ ìyá. Wọn yóò gbé àwòrán ilé awòṣífìlà kan síta, wọn yóò sì fi fúláàtì tó wà lókè téńté rẹ̀ hàn wá: àjà rẹ̀ ga fíofío, ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀, òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn. Wọn yóò sọ pé iná kì í kú níbẹ̀, pé adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí òrùlé, àti pé kò jìnnà sí àwọn báńkì àti ọ́fíìsì ńláńlá tó wà ní Erékùṣù Victoria. Iye tí wọ́n bá pè é, dọ́là ni wọ́n sábà fi ń kà á. Níparí, wọn yóò fi gbólóhùn kan kún un kí ọkàn olówó lè balẹ̀: "Ìwé rẹ̀ pé."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. Ìpolówó a máa sọ iye yàrá, iye balùwẹ̀ àti iye owó. Kì í sọ ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí àti bí ó ṣe kúrò. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀ tó gùn láàárín òkun àti ọ̀sà yìí yóò rí ohun ìyanu kan: ibi tí gbogbo ènìyàn ń dù lónìí, ibẹ̀ ni àwọn tí Èkó lé jáde máa ń forí lé láyé àná. Nígbà tí ilẹ̀ náà wá di góòlù, a tún lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò.

Ilẹ̀ àwọn tí Èkó lé

Orúkọ tí a fi ń pe gbogbo agbègbè náà lónìí, ìlú kékeré kan ní etí òkun ló ni ín. Ìlú náà ṣì wà ní apá ìlà-oòrùn, ó kọjá Ajah dáadáa, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sípò. Kòsọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn oníṣòwò òyìnbó ná ọjà ní etí òkun, ní Palma àti ní Lẹ́kkí, títí tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi bá a ṣe àdéhùn ní ọdún 1854. Ibi tí ọba tí a lé nílé sá gbà di èbúté tó ń bá Èkó du oníbàárà. Ọdún 1862 ni Kòsọ́kọ́ tó padà sí Èkó, lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú náà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì há ọ̀pọ̀ olóṣèlú mọ́ ibi tí wọn kò ti lè rí alátìlẹ́yìn wọn. Lẹ́kkí ni wọ́n mú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ. Kò tíì sí títì ńlá tó so ibẹ̀ mọ́ Èkó nígbà náà. Ẹ rò ó wò ná: ibi tí ìjọba ka sí ìgbèríko tó jìnnà tó láti fi aṣáájú ìlú pamọ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ sára géètì àwọn ilé olówó iyebíye lónìí.

Àwọn onílẹ̀ àti ẹjọ́ ọdún 1921

Èyí kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ náà ṣófo. Àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè adéfìlà funfun tí Olúmẹ́gbọ́n jẹ́ olórí wọn, ni àṣà Èkó mọ̀ sí onílẹ̀. Ìdílé Onírù ní ilẹ̀ ní Erékùṣù Victoria àti àyíká rẹ̀, ti Ẹlẹ́gùṣí wà ní Ìkátẹ̀, ti Olúmẹ́gbọ́n sì nà dé ọ̀nà Ajah. Àwọn abúlé apẹja tò lọ bẹẹrẹ létí omi: Àwórì, Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, oníkálukú pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé a tọ baálé lọ, a fún un ní ohun tí àṣà là kalẹ̀, a sì gba àyè. Kò sí ìwé. Ẹ̀rí tó wà ni ẹnu àwọn àgbà àti sàréè àwọn bàbá ńlá.

Irú ẹ̀rí yìí ni ìjọba amúnisìn gbé dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1913, wọ́n gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tó jẹ́ ti ìdílé Olóyè Oluwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ. Ìjọba ní Dòsùnmú ti fi gbogbo ilẹ̀ Èkó tọrẹ fún adé Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861, nítorí náà ìdílé náà kò lè gba owó ilẹ̀ bí onílẹ̀. Amodu Tijani, tó wà lórí oyè Oluwa, kò gbà. Nígbà tí ìdájọ́ kò bá a lára mu ní Èkó, ó gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun lọ sí London ní ọdún 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Privy Council dá ẹjọ́ náà: ìwé tí ọba fọwọ́ sí kò pa ẹ̀tọ́ tí àwọn ará ìlú ní sórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ìdílé Oluwa gba £22,500. Ìdájọ́ yìí di òpó tí gbogbo onílẹ̀ ní Èkó fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n òpó náà kò dá ìjọba dúró láti máa gba ilẹ̀. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti da Èkó láàmú, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn agboolé àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ní Erékùṣù Victoria, wọ́n fi iyanrìn kún ẹrẹ̀, wọ́n gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì fún àwọn onípò ńlá àti ilé iṣẹ́ àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ará abúlé tó wà níbẹ̀ ṣí lọ sí ìlà-oòrùn. Màrókò ni ibi tí wọ́n bọ́ sí ń jẹ́. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ibi iṣẹ́, owó ilé rẹ̀ kò sì wọ́n. Awakọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, kápẹ́ńtà, aránṣọ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kéékèèké tó ń jí lọ sí Erékùṣù Victoria láràárọ̀, Màrókò ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà sùn sí lálẹ́.

Òfin ọdún 1978, títì ńlá àti 1004

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní sórí ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ìwé àṣẹ tí gbogbo wa mọ̀ sí C of O sì sábà máa ń fúnni ní ọdún 99. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 28 fún gómìnà láṣẹ láti gba ẹ̀tọ́ náà padà bí ire gbogbo ìlú bá béèrè fún un.

Abala 29 ni ó yẹ kí ẹni tó ń ra fúláàtì òkè kà lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló sọ ohun tí ìjọba yóò san bí ó bá gba ilẹ̀: iye tí ó máa ná ni láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí ọjọ́ orí ti jẹ lára rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún náà ni yóò gbà. Kì í ṣe bíríkì àti gíláàsì nìkan ló sọ ilé Lẹ́kkí di olówó gọbọi. Ibi tó wà ni, àti ohun tí a ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀. Òfin náà kò sì díye lé òkun tí à ń wò.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òfin yìí, títì dé. Gómìnà Lateef Jakande, tó wà lórí àléfà láti ọdún 1979 di ìparí ọdún 1983, ló bẹ̀rẹ̀ títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ó tún kọ́ ilé fún àwọn mẹ̀kúnnù lójú ọ̀nà náà, títí dòní, bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ké "Jákàńdè!" ní ọ̀nà Ajah, ibẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Èrò Jakande ni pé kí títì náà gbé ará ìlú dé ibi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí títì bá gbà, owó a tẹ̀ lé e.

Fúláàtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjà nígbà náà. Ní nǹkan bí àárín sáà 1970 sí 1979, ìjọba àpapọ̀ kọ́ àwọn ilé gogoro kan sí Erékùṣù Victoria fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga. Fúláàtì 1,004 ló wà níbẹ̀, iye yẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ ló ń gbé ènìyàn wọ ibẹ̀, ìfẹ̀yìntì ló sì ń gbé e jáde. Nígbà tí olú ìlú ṣí lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ìjọba kò nílò irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Èkó. Lábẹ́ ìjọba alágbádá Ọbásanjọ́ ni wọ́n tà á; ilé-iṣẹ́ UPDC rà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ di ọjà olówó. Ojú ọ̀nà tí fúláàtì aláràbarà gbà wọ ọjà Èkó nìyẹn.

Ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1990

Kí òwò náà tó gbòòrò tó báyìí, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí ìpolówó kankan kì í dárúkọ. Ní oṣù Keje ọdún 1990, gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó, Raji Rasaki, kéde pé àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje láti kó ẹrù wọn. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó mọ́lẹ̀, àti pé àyíká ibẹ̀ kún fún ẹ̀gbin àti ìwà ọ̀daràn. Ní ọjọ́ 14, oṣù náà, katapílà wọ ìlú pẹ̀lú àwọn agbófinró. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé.

Àwọn díẹ̀ tí ìjọba gbà pé wọ́n jẹ́ onílé ni wọ́n fún ní fúláàtì ní Ìlàsan àti Ìkọ̀tá, ní àwọn ilé tí iṣẹ́ kò tíì parí lára wọn. Ayálégbé, tí wọ́n pọ̀ jù, kò rí nǹkan kan. Àwọn kan gba ọ̀nà Ajah lọ, àwọn kan padà sí abúlé, àwọn kan sùn síta. Wọlé Ṣóyínká gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí a lé yìí wọ inú eré orí ìtàgé rẹ̀, The Beatification of Area Boy, tó jáde ní ọdún 1995.

Kí ló wá gba ipò Màrókò? Ilé aláruru ni, ní agbègbè Onírù àti ibi tí wọ́n ń pè ní àfikún Erékùṣù Victoria. Ilẹ̀ tí wọ́n ní omi yóò bò mọ́ òtòṣì lórí ni wọ́n gbé ilé awòṣífìlà lé. Omi náà kò sì tíì lọ: ọdọọdún ni òjò ń fi hàn wá, tí ọkọ̀ olówó ń wọ́ nínú àgbàrá lójú títì Lẹ́kkí. Bí ó bá jẹ́ omi nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ Màrókò, ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ ló yí padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé sáà ológun nìkan ni irú èyí mọ, kí ó rántí Òtòdò Gbàmẹ̀, abúlé àwọn apẹja Ẹ̀gùn létí ọ̀sà ní Lẹ́kkí. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù Kẹrin ọdún 2017, lábẹ́ ìjọba alágbádá, wọ́n lé nǹkan bí 30,000 ènìyàn kúrò níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó dá a pé lílé ènìyàn báyìí láìpèsè ibi tí wọn yóò gbé tẹ iyì ọmọnìyàn mọ́lẹ̀. Ìdájọ́ wà, abúlé kò sí mọ́.

Nígbà tó kan olówó

Ilẹ̀ ti wọ́n débi pé òkun gan-an ni wọ́n wá ń gbà lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti mọ odi òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìgbì ti ń jẹ etíkun Bar Beach. Ojútùú tí wọ́n rí sí i ní bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ju odi lọ: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da iyanrìn sínú òkun láti kọ́ ìlú tuntun, Eko Atlantic, tí wọ́n ní yóò fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin mílíọ̀nù 10. Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, Bill Clinton, wá síbi ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ilé gogoro alájà púpọ̀ ti dìde níbẹ̀ báyìí, àwọn fúláàtì òkè téńté rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbówó lórí jù ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, ìtàn yí ojú padà. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etíkun láti Èkó dé Calabar, ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 700, láti Erékùṣù Victoria. Katapílà wọ ibi ìgbafẹ́ etíkun Landmark, ibi tí àwọn oníṣòwò ti da owó ńlá sí. Ní apá Okun-Ajah, àwọn onílé figbe ta pé wọ́n ti yí ojú ọ̀nà náà sórí ilẹ̀ tí àwọn ní ìwé lé lórí. Àwọn tó ń ké lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe apẹja. Oníṣòwò ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ni wọ́n, àwọn tó ti gbọ́ "ìwé rẹ̀ pé" ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ará Màrókò ní ọdún 1990: ẹ fún wa lákòókò, ẹ san ohun tó tọ́, níbo ni kí á lọ?

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ilé ní Lẹ́kkí tàbí Ajah. Ìlú gbọ́dọ̀ dàgbà, ilé gíga sì wúlò níbi tí ilẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí a ń rà. Ẹni tó ra fúláàtì lókè kò ra ilẹ̀; ẹ̀tọ́ láti gbé inú àyè kan ló rà, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ́ ilé náà ni ó sì gùn lé. Nítorí náà, kí olùrà bèèrè C of O orí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ìwé fúláàtì nìkan. Kí ó gbé àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Súfíọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sórí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ìjọba ti yọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé, kí ó bèèrè ìwé ìkéde ìjọba tó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó sì rí i pé ìyọ̀ǹda gómìnà wà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó bèèrè ìbéèrè kan tí agbẹjọ́rò kì í sábà bèèrè: ta ló gbé ibí yìí kẹ́yìn, báwo ló sì ṣe kúrò?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti àánú lásán. Òfin kan náà tó lé apẹja ni òfin tó dúró lórí ẹni tó ń gbé òkè téńté. Bí a bá gbà pé ọjọ́ méje tó fún ará Màrókò, a ti sọ fún ìjọba pé ọjọ́ méje tó fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Bí abala 29 kò bá ka ibi tí ènìyàn ń gbé àti ibi tí ó ti ń jẹun sí ohun tó níye lórí, kò ní kà á sí fún olówó náà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn onílé tuntun ní Lẹ́kkí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá àwọn abúlé etí omi tó ṣẹ́kù jà fún àtúnṣe òfin náà, nítorí ara wọn.

Amodu Tijani rìn dé London kí wọ́n tó gbà pé ìwé tí aláṣẹ fọwọ́ sí kò lè pa ẹ̀tọ́ ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ rẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí ìdájọ́ náà jáde. Bí ẹ bá tún rí ìpolówó fúláàtì tó ń wo òkun, tí wọ́n ní ìwé rẹ̀ pé, ẹ rántí pé àwọn kan wà níbẹ̀ rí tí wọ́n rò pé tiwọn náà pé.